Bí Mo Ṣe Túmọ̀ “Forthwith” fún Àwọn Ará Ìléru

Dàpọ̀, gba ìwé rẹ. N kò ní í fọwọ́ sí i. Ìwé tí o kọ sí obìnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn yẹn pé kó kó jáde, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òyìnbó inú rẹ̀ dán. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a rán ọ lọ kò já sí asán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà ní ìlà kẹta tí orúkọ mi kò ní í wà lábẹ́ rẹ̀ láéláé. “Forthwith.” Níbo lo ti rí i? Fóònù rẹ ló bá ọ kọ ọ́, àbí? Mo mọ̀. Jókòó. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Kò sí ẹni tó máa dìde níbí títí n ó fi sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ́ fún yín, torí ẹ lè wá inú gbogbo ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ ò ní í rí i bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ máa ń kọjá níwájú ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ti Àgége bọ̀, tí ẹ rékọjá ojú irin, tí ẹ wá ń lọ sí ọ̀nà Àgídìngbì, ilé ńlá kan wà tí wọ́n kùn ní búlúù, tí wọ́n gbé gbohùngbohùn mẹ́rin lé lórí. Ṣọ́ọ̀ṣì ni lónìí. Kí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wọn. Ní tèmi o, tí mo bá gbọ́ orin ìyìn níbẹ̀, òórùn ásíìdì ni imú mi ń gbọ́. Ibi tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí níwájú pẹpẹ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ìléru wà. Iná wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tí o bá dúró síwájú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ á rọ̀.

Inú ilé iṣẹ́ yẹn ni mo lo agbára mi tán sí. Bàsíà la ń ṣe, àti kọ́ọ̀pù, àti àwo tánganran, irú èyí tí ìyá yín àgbà fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn tí ẹ kó dànù lọ́jọ́ kẹta tí a sin ín. Mo rí yín. N kò sọ̀rọ̀ ni. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń kó wọlé, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ di abọ́, wọ́n á rì í bọnú ásíìdì kí ìpẹtà ara rẹ̀ bọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ó kan àwọn obìnrin ẹ̀ka tèmi. Omi funfun kan wà tó ki bí ògì, gíláàsì lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ri abọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á fi ọrùn ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó pọ̀ jù á ro kúrò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì mọ́ ọn, omi á ṣàn lára abọ́ rẹ̀, á gan síbẹ̀, wọ́n á ní abọ́ rẹ̀ ń sunkún. Ìgbà yẹn ni abọ́ á tó wọ inú ìléru, tí iná á yọ́ gíláàsì náà mọ́ irin. Tó bá jáde, á máa kọ mànà.

Fèrè ilé iṣẹ́ ló ń jí Àgége nígbà náà. Tiwa á kọ́kọ́ ké, fèrè àwọn tó ń ṣe bisikíìtì á dá a lóhùn, tàwọn tó ń hun aṣọ á wá tẹ̀lé e, ohùn tiẹ̀ wúwo. Ìyàwó ilé tó gbé omi kaná mọ̀ pé tí fèrè kejì bá dún tí ọkọ òun kò tíì wẹ̀, ìjà dé nìyẹn. A máa ń tò lọ lójú irin, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn, búrẹ́dì lábẹ́ abíyá, à ń ṣẹ̀fẹ̀, à ń bú ara wa. Lónìí, kí ló ń dún? Jẹnẹrétọ̀, àti ẹni tó gbé gbohùngbohùn sórí ọmọlanke tó ń polówó oògùn eku láti àárọ̀. Ẹ̀yin sì ní ìlú ti dàgbà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ẹlẹ́rìn-ín náà kò ṣàì wà. Ìgbà kan wà tí ẹni tó ń lẹ àwòrán ẹja mọ́ ìsàlẹ̀ bàsíà kò sùn dáadáa, ó lẹ gbogbo ẹja ọjọ́ yẹn ní ìdojúdé, wọ́n fi ikùn sókè. Mánéjà ní kí wọ́n kó wọn dànù. Kí a tó pajú pẹ́, àwọn aláràtúntà Àgége ti gbà wọ́n lọ, wọ́n sì ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹja Sáàpù ni, ebi ló pa á. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ọ̀kan nílé.

Sáàpù yẹn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé dé ni. Wọ́n ní kí a fún bẹ́líìtì wa mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ikùn tiwọn ń yọ síwájú nínú yúnífọ́ọ̀mù. Náírà di nǹkan yẹ̀yẹ́, gíláàsì lílọ̀ tí à ń kó ti òkè òkun wá kò wọlé bó ṣe yẹ mọ́. Bí nǹkan ṣe ń le, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń gbòde. Tí a bá tan rédíò, orin ṣọ́jà á kọ́kọ́ dún, ohùn kan á wá jáde tí kò ní omi nínú rárá: a ti yọ lágbájá nípò, forthwith. A ti ti ilé ẹ̀kọ́ báyìí báyìí pa, forthwith. Ẹgbẹ́ yìí kò gbọdọ̀ pàdé mọ́, forthwith. Mo máa ń jókòó ti rédíò mi, n ó máa gbé e yẹ̀ wò, torí mo fẹ́ràn Òyìnbó púpọ̀ nígbà náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí nínú rẹ̀. Kì í ṣe kíákíá. Tí mo bá ní kí Mosún lọ bu omi wá kíákíá, Mosún ṣì lè wá bàtà rẹ̀ kó tó lọ. Forthwith kò gba bàtà láyè. Bí a ṣe sọ ọ́ tán, ó ti ṣẹlẹ̀. Ìkejì, òkè ló ti ń wá, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. N kò tíì rí ọmọ tó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, n kò tíì rí òṣìṣẹ́ tó sọ ọ́ fún ọ̀gá. Ìkẹta ló burú jù. N kò gbọ́ ọ rí pẹ̀lú ohun rere. Kò sí ẹni tó lẹ̀wé mọ́ bọ́ọ̀dù wa rí pé a máa tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ṣe, forthwith. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe nǹkan fún wa, “in due course” ni wọ́n ń kọ, ìyẹn ni pé kí a lọ máa dúró. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe nǹkan sí wa ni ẹsẹ̀ wọn máa ń yá.

Bọ́ọ̀dù yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀gbẹ́ géètì ló wà, lábẹ́ páànù kan. Àwa òṣìṣẹ́ ní àṣà kan nípa rẹ̀ tí kò sí nínú òfin ilé iṣẹ́: ìwé yòówù tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn, a kì í ṣe ohun tó sọ títí a ó fi kà á sétí gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀wé. Tí fèrè oúnjẹ ọ̀sán bá ti dún, gbogbo ènìyàn á pé, ẹni kan á gun orí àpótí, á ka Òyìnbó rẹ̀ ketekete láti òkè délẹ̀, á wá sọ ọ́ ní Yorùbá. Màlúmù Sání á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á sọ ọ́ ní Haúsá fún àwọn tiẹ̀. Ẹni tí kò bá yé á béèrè. Ẹni tó ń kà á kò gbọdọ̀ fi tiẹ̀ kún un, kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kúrò. Mánéjà gan-an, tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òfin kan ti múlẹ̀, ohun tó ń béèrè ni pé ṣé Tísà ti kà á.

Èmi ni Tísà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, pẹ̀lú ilé ìwé mọ́dà díẹ̀, ṣùgbọ́n lórí àpótí yẹn, ó ju yunifásítì yín lọ. Àwọn obìnrin á ti àwo sílẹ̀, wọ́n á máa wo ẹnu mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò ní í purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn bí gbogbo ibẹ̀ ṣe máa ń dákẹ́ tí mo bá ti wúkọ́.

Ẹni tó mú mi wọ ilé iṣẹ́ yẹn ni Làmídì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ga, iná ti jó irun apá rẹ̀ ọ̀tún tán. Ojúlé kan náà la gbé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Àgége, òun ló sì bá fóòmánù sọ̀rọ̀ nítorí mi. Òun ni olórí àwọn méjìlá tó ń ṣọ́ ìléru. Ìléru náà kì í sùn, ọdún á dé, Iléyá á dé, iná wà níbẹ̀. Àwọn ìyàwó wọn ń pè é ní Ìyálé, wọ́n ní òun ni ọkọ àwọn kọ́kọ́ ń kí láàárọ̀. Tó bá di Iléyá, àwọn ará ìléru á gbé ẹran sórí ṣọ́bìrì, wọ́n á tì í síwájú iná, kí o tó ka ení, èjì, ó ti yan. Gbogbo wa là ń jẹ níbẹ̀, Mùsùlùmí, onígbàgbọ́, àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn tó ń bára wọn jà. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri tó ń sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó. Làmídì kì í wò ó. Á yọjú lójú ihò kékeré kan, á ní, “Ó ti pọ́n jù,” ẹ̀rọ á tó wá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn nípa ìléru yẹn. A kì í pa á lójijì. Tí a bá fẹ́ pa á, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń dín epo rẹ̀ kù, díẹ̀díẹ̀. Tí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí o bá tirẹ lọ, bíríkì inú rẹ̀ á sán, irin inú rẹ̀ á lọ́, ó di àlàpà nìyẹn. Àwọn ará ìléru mọ̀ bẹ́ẹ̀, mánéjà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan tó ní àwọn Mùsùlùmí kò ní í lọ kí Jímọ̀ mọ́, Làmídì kò bá a jiyàn. Òun àwọn èèyàn rẹ̀ kàn ká ọwọ́ lẹ́rán níwájú iná, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń pọ́n sí i. Kò tó wákàtí kan tí mánéjà fi sáré wá, ó ní àwàdà lòun ń ṣe. Agbára tí wọ́n ní nìyẹn. Wọn kò ní òmíràn.

Ọjọ́ Ajé kan báyìí, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Pásónẹ̀lì là ń pè é. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, mo ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n “ìwọ” ló máa ń pè mí níwájú gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe wọlé, ó dìde.

“Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Ilé ńkọ́?”

Ó yẹ kí n ti sá jáde nígbà tó fi “ẹ” pè mí. Mo jókòó. Ó ti ìwé kan síwájú mi, ó ní kí n wò ó kí òun tó lẹ̀ ẹ́. Kò gùn. Wọ́n ti ti ẹ̀ka ìléru pa. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, kí wọ́n sì jáde kúrò nínú ọgbà, forthwith.

“Ẹ rí ọ̀rọ̀ ìparí yẹn?” ó ní.

“Mo rí i.”

“Tí ẹ bá sọ ọ́ bó ṣe wà, wọ́n á kúrò nídìí iná lónìí yìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ṣe.”

“Àwọn kan ti fẹ́ ra ìléru yẹn, ẹ̀gbọ́n. Odidi ni wọ́n fẹ́ ẹ. Ọjọ́ mẹ́ta péré la nílò.”

Mo ní kí ló dé tí wọn kò kúkú yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, kí wọ́n kọ Ọjọ́bọ̀ síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́yà ló kọ ọ́, pé òní ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kúrò lórí ìwé. Ó ní kí n ṣáà rọ̀ ọ́ díẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní Yorùbá ṣeé rọ̀. Ó wá sọ pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé sí stóò, torí wọ́n ṣì máa dín èèyàn kù ní ẹ̀ka tèmi náà.

Mosún, má wò mí bẹ́ẹ̀. O fẹ́ béèrè pé kí ni wọ́n fún mi. Wọ́n fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún mi, ìyẹn ni wọ́n fún mi. Bàbá rẹ wà nílé ìwé nígbà náà, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, mo sì lè ka gbogbo rẹ̀ fún ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gbogbo wọn ni òótọ́. Làmídì náà ní ọmọ márùn-ún.

Fèrè ọ̀sán dún. Mo gun àpótí. Mo ka Òyìnbó rẹ̀ láì fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo pe forthwith, mo pè é sókè, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo fi pamọ́. Mo wá sọ ọ́ ní Yorùbá pé wọ́n máa ti ẹ̀ka ìléru láìpẹ́. Làmídì na ọwọ́ sókè, bí a ṣe máa ń ṣe.

“Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn,” ó ní, “mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ṣọ́jà. Kí ló ń sọ gan-an?”

“Láìpẹ́ náà ni,” mo ní. “Tí ẹ bá ti fara balẹ̀ pa iná tán, wọ́n á pè yín jókòó, ẹ ó jọ sọ bí ẹ ó ṣe lọ.”

“Wọ́n á pè wá jókòó?”

“Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀.”

Màlúmù Sání gbà á lẹ́nu mi, ó sọ ọ́ ní Haúsá. Irọ́ mi gbọ́ èdè méjì lọ́jọ́ yẹn. Làmídì yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká pa á bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá rí i pé a kò ba nǹkan wọn jẹ́, ojú á tì wọ́n láti rẹ́ wa jẹ.” Ohun tó sọ nìyẹn. Mo ṣì wà lórí àpótí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi pa iná náà. Mo ń kọjá níbẹ̀ láti ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, n kò lè ṣe kí n má kọjá. Làmídì kò lọ sílé. Á dín epo kù bíńtín, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri, á dúró, á tún yọjú lójú ihò. Tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ kánjú, á ní kó rọra, pé Ìyálé kò fẹ́ ariwo. Wọ́n ń kọrin. Àwọn obìnrin ẹ̀ka wa gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún wọn. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, iná kú. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé iṣẹ́ yẹn, n kò tíì mọ bó ṣe rí kí ibẹ̀ dákẹ́. A gbọ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá l’Àgége. Làmídì pè mí, ó ní kí n wá wo inú rẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fún mi. Bíríkì tò lọ bẹẹrẹ, kò sí ọ̀kan tó sán. Ó gbá mi léjìká, ó ní, “Ṣé o rí i?” Mo ní mo rí i.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, gbogbo wa tò wọlé, a ń mú káàdì tí a fi ń wọṣẹ́ lára ògiri. Káàdì àwọn méjìlá kò sí níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá kògbérégbè ti wà ní géètì pẹ̀lú ìbọn, wọn kò jẹ́ kí àwọn ará ìléru wọlé. Làmídì kò pariwo. Ó ní ẹ̀ṣọ́ géètì kò gbọ́ ọ yé ni, pé àwọn wá fún ìpàdé. Sístà Bọ́sẹ̀, obìnrin tó ń tẹ ìwé fún Pásónẹ̀lì, ló jáde wá bá wọn. Ojú rẹ̀ ti wú.

“Ìpàdé wo, Bọ̀ọ̀dá Làmídì?” ó ní. “Ẹ kò sí níbi iṣẹ́ láti Ọjọ́ Ajé. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Forthwith ni mo tẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí ẹ máa lọ.”

Gbogbo wọn yíjú. Mo dúró nínú géètì, káàdì mi wà lọ́wọ́ mi. Làmídì wò mí títí.

“Wá tún un kà,” ó ní.

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sẹ́yìn, kí n ṣàlàyé fún un. Ó ní rárá, orí àpótí ni. Ọlọ́pàá kan fẹ́ sọ̀rọ̀, Sístà Bọ́sẹ̀ ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Mo gun àpótí náà. Àwọn tó wà nínú pé sẹ́yìn mi, àwọn méjìlá wà níta, wọ́n di irin géètì mú. Mo ka Òyìnbó rẹ̀. Mo wá sọ ọ́ ní Yorùbá, bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ẹ jáde kúrò nínú ọgbà, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Ọjọ́ wo lo mọ̀ bẹ́ẹ̀?” Làmídì béèrè.

“Ọjọ́ Ajé.”

“Kí o tó gun àpótí, àbí lẹ́yìn rẹ̀?”

“Kí n tó gùn ún.”

Màlúmù Sání wà lẹ́yìn mi, kò sọ ọ́ ní Haúsá. Àwọn méjìlá náà fi irin géètì sílẹ̀, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó lù mí, kò sí ẹni tó bú mi. Bí wọ́n bá ti lù mí ni, ì bá dára. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, tírélà kan wá, wọ́n gbé ìléru náà lọ ní odidi.

Mo wọ stóò. Abọ́ tí wọ́n ń kó ti ilé iṣẹ́ mìíràn wá la wá ń tò, tí à ń tà. Àwọn obìnrin tó ń wo ẹnu mi tẹ́lẹ̀, tí mo bá kọjá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì. Kò sí ẹni tó pè mí ní Tísà mọ́, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni wọ́n ń pè, ó sì máa ń dún létí mi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ìwé tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kálukú ló ń dá gbìyànjú rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ń kà á sínú. Wọn kò pé mọ́. Nígbà tó kàn mí láti lọ, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi lé mi. Mo dá dúró níwájú bọ́ọ̀dù, mo kà á fún ara mi. Ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́ kó tó kú pátá, n kò sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé ayé ìgbà yẹn dára, ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n tà.

Mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbẹ̀yìn. Ó pẹ́ kí n tó lọ, ojú ló ń tì mí, kì í ṣe pé n kò mọ̀nà. Làmídì ti di alágbẹ̀dẹ, ó ń fi irin ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ rọ ọkọ́ àti àdá. Ó rí mi láti ọ̀ọ́kán, ó sọ òòlù sílẹ̀. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ se oúnjẹ. Ó béèrè ìyá yín àgbà, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rántí orúkọ gbogbo wọn. Nígbà tí a jókòó ti oúnjẹ, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi tí mo dàgbà jù ú lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó fà mí dìde.

“N kò bínú sí ọ mọ́,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tí mo ti jù ú nù. O ní ọmọ, èmi náà ní ọmọ. Ẹlòmíràn ì bá ṣe é.”

Mo ní kó bú mi. Ó mi orí.

“Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn,” ó ní. “N kò ṣe iṣẹ́ kankan dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, Tísà. Tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Mo kọrin sí i.”

Ó mú ẹran tó wà níwájú rẹ̀, ó fi sínú àwo mi, ó ní kí n jẹun. Mo jẹ ẹ́.